Bí Ohùn Bá Wálẹ̀

"Bí ohùn bá gòkè, òun ló bí ọ. Bí ohùn bá wálẹ̀, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ ẹ́. Kí ni o?"

Ọmọdébìnrin náà gbé ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lé orí tábìlì ilé ìdáná. Ìyá bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Onídìrí, ń fọ abọ́ lọ́wọ́.

"Ọkọ̀ ni, Màmá àgbà."

"Ọkọ̀ bí ẹ?" Ẹ̀rín pa ìyá àgbà. "Àbí mọ́tò ló lóyún ẹ?"

"Ó dáa, igbá."

"Igbá wo ló ń bímọ? Dúró ná. Ta ló bí ẹ?"

"Mọ́mì."

"Pè é lédè Yorùbá."

"Ìyá."

"Wàyí o, fa ìparí rẹ̀ wálẹ̀."

"Ìyà." Ọmọ náà lanu sílẹ̀. "Ìyà! À ń jẹ ìyà!" Ó kọ ọ́ sílẹ̀ kíá, ló bá sáré wọ pálọ̀. "Dádì! Ìyá ni, ìyà ni! Màmá àgbà ló bá mi já a!"

Inú ìyá àgbà dùn. Nígbà tí wọ́n bí ọmọ yìí ni bàbá rẹ̀, tó jẹ́ lọ́yà, ti ní kí ìyá òun ti ṣọ́ọ̀bù tó ti ń dirun pa, kó wá bá àwọn gbé ọmọ fúngbà díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọmọ gbígbé di ilẹ̀ gbígbá, ilẹ̀ gbígbá di aṣọ fífọ̀. Ọmọ ti ń lọ sílé ìwé, ìyá àgbà kò tíì padà sílé rẹ̀.

Lọ́yà wọlé, ojú rẹ̀ le koko. Ọmọ tẹ̀ lé e.

"Màmá, irú ọ̀rọ̀ wo lẹ̀ ń kọ́ ọmọ yìí?"

"Àlọ́ ni. Tíṣà wọn ló pa á."

"Ìyàwó mi jókòó síbẹ̀, ó gbọ́. Kí lẹ fẹ́ kó rò? Pé à ń fìyà jẹ yín?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre," ìyàwó ké láti pálọ̀. "Bó bá jẹ́ ìyà ni wọ́n ń jẹ níbí, kí wọ́n kúkú là á mọ́lẹ̀!"

Ìyá àgbà wo ọwọ́ rẹ̀ tí ọṣẹ ti jẹ funfun. Àsọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ohun tí kò sí lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń já àlọ́, ọmọ rẹ̀ ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

"Pa á rẹ́," lọ́yà sọ fọ́mọ. "Kọ ọkọ̀ tó o kọ́kọ́ sọ síbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n Dádì, ọkọ̀ kò bí mi."

"Mo ní pa á rẹ́! Màmá, ẹ sọ fún un pé àṣìṣe ni."

Ọmọ mú írésà, ó ń wojú ìyá àgbà.

Ìyá àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀bi kí ilé lè tòrò. Lọ́jọ́ tí ìyàwó fọ́ àwo tí lọ́yà fẹ́ràn jù, ìyá àgbà ló ní ó já bọ́ lọ́wọ́ òun. Ó nu ọwọ́ sára ìró rẹ̀.

"Má pa á rẹ́, ìyá mi. O gbà á."

Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Wá ẹni tí yóò máa mú u ti ilé ìwé bọ̀. Mò ń lọ sílé mi."

"Màmá! Nítorí àlọ́ lásán?"

Ìyá àgbà fi abọ́ tó kù sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ, ó wọ yàrá lọ kó aṣọ rẹ̀.