Gbé Òkú Wá, Gba Alààyè Lọ

Wọ́n ní ọjọ́ tí Bàbá Ajéwọlé ti ṣọ́ọ̀bù tó gbẹ̀yìn, bàbá náà dúró sẹ́nu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ó ní... Èmi ò sí níbẹ̀ o. Ẹni tó sọ fún mi náà ò sí níbẹ̀. Ó ní àbúrò ìyàwó òun ló ń kọjá lọ nínú òjò, tó gbọ́ tí bàbá ń sọ pé ẹni tí òkú... pé ẹni tí òkú bá wà lọ́wọ́ ẹ̀... Ẹni tó ń sọ ọ́ fún mi bá wẹ̀yìn wò. Ó ní, "Èpè ni, jàre. Kí n má fẹnu ara mi parí ẹ̀."

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú ẹ̀ a di odindi. Èyí dénú tèmi, ó di ẹrù. Òun ni mo gbé sùn lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, tí òjò ń rọ̀, tí ẹ̀wà wà lórí iná, tí àlá yìí fi rí mi mú. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ ọ fún yín bó ṣe wá. N kò bù kún un, n kò bù kúrò níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí mo ń wá ná, kí àlá náà má baà ṣe yín bí ọ̀rọ̀ wèrè.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ni Bàbá Ajéwọlé ní nígbà kan, ti Ìkìrun níbí ni ìyá wọn. Oníwáyà ni gbogbo ayé ń pe ṣọ́ọ̀bù náà. Kì í ṣe rédíò ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ohun tó wà nínú rédíò ni: wáyà, sípíkà, gílóòbù tó kéré bí ẹyọ ẹ̀wà. Àwọn tó ń fi rédíò ṣeré ló ń lọ síbẹ̀, irú Bàbá Rájí, ọ̀rẹ́ ilé wa, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́, tó wá kan rédíò sínú ike ọṣẹ, tó sì ń gbọ́ ìròyìn nínú ẹ̀. Òfin kan ni Oníwáyà ní. O ò lè ṣàdédé wọlé kí o ní nǹkan lo fẹ́ rà. Wàá gbé èyí tó kú wá. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, wọ́n á wò ó tàánútàánú, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á wá mú irú ẹ̀ tó wà láàyè fún ọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri: GBÉ ÒKÚ WÁ, GBA ALÀÀYÈ LỌ.

Ìgbà tó yá, fóònù dé. Ẹni tí nǹkan bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́, á jù ú nù, á ra tuntun. Oníwáyà náà gbé sípíkà sẹ́yìn, ó kó páálí fóònù síwájú, kò gbè é. Ti Ìwó kọ́kọ́ tì, ti Ẹdẹ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí ó fi ku ti Ìkìrun nìkan.

Èmi, láti kékeré ni èémí kì í tó mi, n kò lọ iléèwé. Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, ló kọ́ mi ní ìwé nílé. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí oko, wọ́n á ti gba iṣẹ́ ọjọ́ yẹn sílẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá tẹ rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì wa, ohùn wọn á jáde: "Àrìnpé, ṣí ìwé rẹ." Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. "Àrìnpé, o ò tí ì ṣí i." Lóòótọ́ n kò ní tí ì ṣí i.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, rọpárọsẹ̀ mú apá ọ̀tún Ìyá Àgbà, ó mú ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Oníwáyà tì. Láti ìgbà náà, bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fọwọ́ òsì nàka sí rédíò, èmi á tẹ̀ ẹ́, àwa méjèèjì á máa gbọ́ ohùn tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ni okùn rọ́bà tó ń yí kásẹ́ẹ̀tì já, dúdú, tínrín bí òwú. Mo yọ ọ́, mo gbálẹ̀ yàrá. Ìgbà tí mo fi rántí òfin Oníwáyà, n kò rí i mọ́. Mo ti gbá òkú dànù.

Mo fi rọ́bà irun mi dípò ẹ̀. Ohùn Ìyá Àgbà jáde, ó ki, ó ń wọ́ nílẹ̀ bí ohùn ọ̀mùtí ọkùnrin. Wọ́n fọwọ́ òsì bo etí, omi ń bọ́ lójú wọn. N kò tẹ̀ ẹ́ mọ́. Bàbá Rájí, tí wọ́n máa ń wá kí Ìyá Àgbà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, bi mí léèrè pé, "Ṣé rédíò yìí ń ṣe dáadáa?" Mo ní, "Ó ń ṣe dáadáa, sà." Ojú ló ń tì mí. Bẹ́ẹ̀, èpè yẹn ń jẹ mí lọ́kàn: àbí òun ló mú ohùn Ìyá Àgbà lọ, tó tún padà wá mú èyí tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì?

Ó dára. Àlá wá dé.

Mo bá ara mi níwájú Oníwáyà. Ṣọ́ọ̀bù náà ti fi ìwọ̀n èèyàn kan kúrò nílẹ̀, ó ń mì jẹ́jẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá. Wáyà ni wọ́n fi so ó mọ́ òpó iná kó má baà fò lọ. Mo bọ́ bàtà mi, mo di wáyà mú, mo ń gùn ún. Obìnrin kan tó ń kọjá nísàlẹ̀ ní, "O kú àtigòkè o." Mo ní, "Ẹ ṣé, mà."

Inú ibẹ̀ dákẹ́ débi pé mò ń rìn, n kò gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi. Àwọn oníbàárà tò síbẹ̀, gbogbo wọn kẹ̀yìn sí mi, kálukú di òkú tiẹ̀ sínú hánkáṣíìfù. Mo rìn yí wọn ká kí n lè kí wọn lójú. Ẹ̀yìn ni mo tún bá.

Sípíkà kan wà lára ògiri, kò sí wáyà lára ẹ̀. Ó ní, "Bàbá ní... bàbá ní..."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá ní?"

Sípíkà ní, "Ibi tó kù ni mo ti ya." Mo wò ó, lóòótọ́, bébà inú ẹ̀ ti ya.

Irin tí wọ́n fi ń yọ́ léèdì wà lórí tábìlì, ó ń rú èéfín. Ó ní, "Ọmọ, bá mi wá nǹkan tí mo lè lẹ̀ pọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbóná lásán." Mo ní kó má bínú, pé rọ́bà ni tèmi, kò ṣeé lẹ̀. Ó mí kanlẹ̀.

Máníjà bá yọ láti ẹ̀yìn tábìlì, táì pupa lọ́rùn, ìwé ńlá lọ́wọ́. "Káàbọ̀. Òkú ẹ dà?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mo... mo gbá a dànù ni."

"O gbá òkú dànù?"

Gbogbo òkú inú dúrọ́ọ̀ pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà.

Máníjà ní, "Ẹ gbọ́ o! Àwọn èèyàn ń gbé tiwọn láti Ìlá wá, wọ́n ń gbé e lé itan nínú ọkọ̀, kó má baà fara gbá. Ìwọ fi ìgbálẹ̀ gbá tìẹ!" Inú bí i, ó fa ojú ìwé kan ya, ó jù ú sẹ́nu. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni etí ẹ̀ ń gùn. Kó tó jẹ ojú ìwé kejì tán, ó ti di òbúkọ. Táì ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Òbúkọ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ṣáà jù mí lọ, mo bá kúnlẹ̀.

Ó ní, "Ilé lo ti gba ẹ̀kọ́, mo rí i. Dìde, ká wò ó ní Ẹdẹ."

Ìgbà náà ni mo rí irùngbọ̀n ẹ̀. Okùn rọ́bà dúdú, tínrín bí òwú, ni wọ́n fi so ó nídìí. Mo mọ̀ ọ́n. Tèmi ni. Ṣùgbọ́n ọmọdé kì í nàka sí irùngbọ̀n àgbà. Mo gbé ọ̀rọ̀ mì, mo tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Ìkìrun ni ẹnu ọ̀nà Ẹdẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tó wọlé, ibẹ̀ kéré. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn Ẹdẹ ni Ìwó, mo rá wọ ìyẹn. Ní Ìlobùú, àyà ni mo fi wọ́. Níbi gbogbo, òbúkọ ń fi ìwo ṣí dúrọ́ọ̀, ó ń ní, "Kò sí. Kò sí níbí náà." Kò sí sípíkà, kò sí gílóòbù. Iyọ̀ ló kún inú wọn.

Ó ní, "Ohun tó kù tí à ń tà nìyí. Tọ́ ọ wò."

Mo tọ́ ọ wò. "Iyọ̀ ni, sà."

"Ṣé o rí i pé a kì í tan oníbàárà."

Ṣọ́ọ̀bù tó kẹ́yìn kò ju ike ọṣẹ lọ. Bí mo ṣe wọ inú ẹ̀, n kò lè sọ, mo ṣáà wọ̀ ọ́. Bàbá Ajéwọlé jókòó níbẹ̀ lórí àpótí, wọ́n kẹ̀yìn sí mi, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Iyọ̀ ń bọ́ láti òkè lé wọn léjìká, wúrúwúrú, bí ọyẹ́. Mo rí i láti ẹ̀yìn etí wọn pé ẹnu wọn ń mì. Wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, n kò sì gbọ́. Mo fẹ́ ní, "Ẹ tún un sọ, ẹ jọ̀ọ́." Ètè mi kò là.

Wọ́n yíjú padà. Ojú Ìyá Àgbà ni. Apá ọ̀tún ti rọ̀ wálẹ̀, apá òsì ń wò mí. Ohùn tó jáde ni ohùn ọjọ́ tí mo fi rọ́bà irun sí i, tó ki, tó ń wọ́ nílẹ̀. "Àààà... rììììn..." Ó ń falẹ̀ sí i. Mo mọ̀, bí èèyàn ṣe ń mọ nǹkan lójú àlá, pé bí n kò bá dá a lóhùn kó tó parí, kò tún ní pè mí mọ́ láéláé. Mo ya ẹnu. Iyọ̀ kún un. Ohùn náà ń lọ, ó ń lọ, ó kù díẹ̀ kó dúró. Òbúkọ bá pariwo lẹ́yìn mi:

"Àrìnpé! Ẹ̀wà yìí mà tẹ́ o! Kò níyọ̀ rárá!"

Mo lajú. Orí ẹní ni mo wà. Òjò ti dá. Ohùn Bàbá Rájí ló ń bọ̀ láti pálọ̀. Wọ́n ti dé, wọ́n ti bu ẹ̀wà fúnra wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, wọ́n jókòó ti Ìyá Àgbà.

"Ṣé o gbọ́ mi? Àbí ẹ fẹ́ fi ẹ̀wà aláìníyọ̀ lé mi nílé yìí ni?"

"Mò ń bọ̀, sà."

Mo wọ ilé ìdáná, mo na ọwọ́ sí ọ̀rá iyọ̀ lórí pẹpẹ. Mo fẹ́ tú u. Ọwọ́ mi dúró. Okùn rọ́bà dúdú, tínrín bí òwú, ni wọ́n fi so ẹnu ọ̀rá náà ní kókó méjì. Wọ́n kọ́, èmi ni. Mo rántí: ọjọ́ tí mo gbálẹ̀ yẹn, ọ̀rá iyọ̀ ń tú, mo sì mú ohun tó sún mọ́ mi jù lọ, mo fi so ó. Oṣù kan gbáko ni mo ti ń tú u, tí mò ń so ó, lójoojúmọ́.

Mo gbé iyọ̀ lọ́wọ́ kan, mo di okùn náà sínú ọwọ́ kejì. Mo dé pálọ̀, mo kúnlẹ̀, n kò sì dìde. N kò bi àgbà ní irú ìbéèrè yìí rí.

"Bàbá, ẹ má bínú. Rédíò yẹn kò ṣe dáadáa. Mo purọ́ fún yín." Mo ṣí ọwọ́. "Òkú ẹ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n Oníwáyà ti tì, wọ́n sì ní... wọ́n ní Bàbá Ajéwọlé ṣépè lọ́jọ́ náà."

"Èpè?" Bàbá Rájí rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fẹ́rẹ̀ẹ́ há wọn lọ́fun. "Ajéwọlé tí kò lè bú adìẹ? Ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ èpè? Èmi yìí ni mo di ilẹ̀kùn mú tí wọ́n fi rí i tì. Òjò ti jẹ́ kó wú. Àwọn tó kù, eré ni wọ́n ń sá kọjá, orí wọn ń tutù."

"Kí ni wọ́n sọ gan-an, sà?"

Wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀. Wọ́n wo okùn tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n wo Ìyá Àgbà, tó ti ń fọwọ́ òsì nàka sí rédíò. Wọ́n tún ohùn wọn ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí Bàbá Ajéwọlé ṣe máa ń sọ̀rọ̀:

"Ó ní, 'Ṣọ́ọ̀bù ni mo tì, n kò ti ilé mi. Àwọn alààyè tó ṣẹ́ kù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹni tí òkú bá wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó gbé e wá.'"