Ewé Kíkorò Màámi

Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Ọ̀gá mi, Pak Handaka, ti fi mí ṣẹ̀sín tó nínú yàrá àyẹ̀wò wa lọ́jọ́ tí èsì dé. Níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti ju ìwé náà sórí tábìlì.

"Ratmi, ewé ìyá ẹ rèé o! A ní kó gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ńṣe ló tún ń gbé e gòkè. Ó tán. Fọwọ́ sí i ká sinmi."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rín in lọ. Màámi, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mbok Tukinem, ti ń ru ìgò àgbo kiri abúlé wa lẹ́bàá Klaten, ní Jáfà, kí wọ́n tó bí mi. Ewé yẹn korò ju ewúro lọ, òun sì ni gbogbo alátọ̀gbẹ àdúgbò ń mu lọ́wọ́ ẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ti pa oògùn ilé ìwòsàn tì nítorí ẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, kí ayé gbọ́. Bí kò bá ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn wa ló ń kú lọ yẹn. Ṣé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni màá fọwọ́ sí torí pé ebi ọ̀sán ń pa ọ̀gá?

Mo gun alùpùpù mi, ó di abúlé. Iwájú ilé olórí abúlé ni nọ́ọ̀sì wa ti ń pín oje ewé náà fáwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láràárọ̀. Mo dúró ti ògiri, mo ń wò wọ́n. Wọ́n gbé e mì, ojú wọn fún pọ̀. Ni gbogbo wọn bá tò lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí màámi jókòó ti agbọ̀n ẹ̀ sí, tó ń bu omi àjàgbọn tó dùn yùngbà fún wọn, ṣúgà ọ̀pẹ ló pọ̀ nínú ẹ̀.

"Màámi! Kí lẹ̀ ń ṣe yìí?"

"Kí ni mo ṣe? Ta ló ń fún èèyàn ní kíkorò tí kì í fi dídùn tẹ̀ lé e? Ṣé ọ̀tá wọn ni mí ni?"

"Látìgbà wo?"

"Látọjọ́ tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì yín gan-an máa ń mu tiẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wolẹ̀. Inú bí mi, ẹ̀rín sì ń pa mí. Ta ni mo fẹ́ bá wí? Ọmọ Jáfà wo ni ò mọ̀ pé dídùn ló ń gbẹ̀yìn kíkorò? Èmi tí wọ́n fi àgbo wò dàgbà, mi ò ronú kàn án.

Mo padà sọ́dọ̀ Pak Handaka. "Ọ̀gá, ṣúgà la dán wò, a ò tíì dán ewé wò. Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

"Torí ìyá ẹ lo ṣe ń jà, àbí mi ò mọ̀?"

"Torí ìyá mi ni, ẹ ò parọ́. Ẹ lé mi lọ bẹ́ ẹ bá fẹ́. Orúkọ mi ò ní sí lábẹ́ irọ́."

Nígbà tó rí i pé mi ò mira, ó ní kí n lọ tún un ṣe, ṣùgbọ́n bó bá tún já sófo, níwájú gbogbo èèyàn ni màá ti fọwọ́ sí i. Mo ní ó ti yá.

Wàhálà tún dé. Àwọn obìnrin abúlé ní àwọn ò ní mu kíkorò tí ò ní dídùn lẹ́yìn, pé ìyà kí leléyìí. Màámi gba ife kan lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ó mu ún gbẹ, ó yọ ahọ́n sí wọn.

"Ṣé mo kú? Ẹ mu ún jàre, kí ọmọ mi lè fojú ọ̀gá ẹ̀ gbolẹ̀!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mu ún, wọ́n sì ń mu ún bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

Èsì dé. Ṣúgà ò gòkè mọ́. Kò sì wálẹ̀. Àwọn tó mu ewé àtàwọn tá a fún ní omi kíkorò tí kò ní ewé nínú, ká lè fi wọ́n wéra, ọgbọọgba ni wọ́n rí. Mo yẹ̀ ẹ́ wò títí ojú fi ń ta mí, ibi tó wà náà ló wà.

"Ṣó o ti wá rí i báyìí?" ni Pak Handaka wí.

"Mo rí i. Ewé la dán wò lọ́tẹ̀ yìí." Mo fọwọ́ sí i gàdàgbà níwájú gbogbo wọn, mi ò sì tẹrí ba fún ẹnì kankan.

Bí mo ṣe máa sọ fún Màámi ló ń bà mí lẹ́rù. Nínú ilé ìdáná ni mo ti sọ fún un. Ó gbé tẹ́ńpẹ́ ẹ̀wà sóyà tó ń dín kúrò lórí iná.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é, Màámi."

Kò bínú, ìyẹn ló dùn mí jù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jáde láìru ìgò kankan, mo tẹ̀ lé e. Ilé Bu Sarinten, alátọ̀gbẹ tó ti pa oògùn ilé ìwòsàn tì, tí egbò ẹsẹ̀ ẹ̀ ò san, ló gbà lọ.

"Sarinten, ọmọ mi ti yẹ̀ ẹ́ wò, ewé yẹn ò ṣiṣẹ́. Gbé oògùn ilé ìwòsàn ẹ jáde."

"Mbok, àwọn ilé ìwòsàn ti fowó ra ọmọ ẹ! Ṣebí ìwọ lo ní ewé yẹn dáa?"

"Èmi ni. Ẹnu tó ní ó dáa náà ló ń sọ fún ẹ pé kò dáa. Bú mi bó o bá fẹ́, àmọ́ mi ò ní kúrò níbí."

Sarinten bú u. Ó bú u débi tí àwọn ará ilé kejì yọjú. Màámi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ títí obìnrin náà fi wọlé, tó mú oògùn wá, tó gbé e mì lójú Màámi.

Màámi dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò láṣọ, ó kọjá sí ilé alátọ̀gbẹ tó kàn.