Àkísà Pupa Lára Alùpùpù

Ọlọ́run fi ọlọ́gbọ́n kan ta ilé wa lọ́rẹ, ìyẹn bùrọ̀dá mi àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ti mọ gbogbo ohun tó wà láyé tán. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni pé kò tíì mọ̀ pé òun náà lè kú. Bàálù làwọn ọmọ àdúgbò ń pè é, torí bó bá ti gun alùpùpù, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ kanlẹ̀ mọ́.

Bàbá wa ló ń tún alùpùpù ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé. Èmi obìnrin ni mo tẹ̀ lé Bàálù, èmi tí gbogbo ilé ń rán níṣẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin ló kẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tí a ń pè ní Òjìji nítorí pé ibi tí Bàálù bá wà lòun náà ń wà. Bí Bàálù bá fá ẹ̀gbẹ́ orí kan, kí ilẹ̀ tó ṣú, orí Òjìji náà á ti dà bíi koríko tí ewúrẹ́ jẹ kù. Bí Bàálù bá húkọ́, ẹ lọ wá oògùn fún Òjìji.

Bàbá wa ní òfin kan. Alùpùpù tí búréèkì rẹ̀ kò bá tíì dáa, wọ́n á so àkísà pupa mọ́ ọwọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ gùn ún, ìbáà ṣe ẹni tó ni ín. Oníbàárà lè bínú, ó lè bẹ̀bẹ̀. Bàbá wa á kàn máa nu ọwọ́ ni. Òfin náà rọrùn débi pé ọmọ ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n Bàálù kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí títì táwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà. Bí bàbá wa bá ti jáde, èyí tó ní àkísà gan-an ni bùrọ̀dá mi máa mú. Á sáré sọ̀ kalẹ̀, bó bá sì kù díẹ̀ kó dé títì, á fi bàtà rẹ̀ tó nípọn tẹ táyà ẹ̀yìn títí á fi dúró. Àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lódìkejì á wá pàtẹ́wọ́. Torí àtẹ́wọ́ ẹni méjì, tí ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ ríran dáadáa, ó ń fi bàtà bá ikú ṣeré.

“Bùrọ̀dá, Òjìji ń wò yín o,” mo sọ fún un.

“Ṣebí ojú ló fi ń wò? Kó máa wò.”

Ẹ ò rí ọgbọ́n! Wọ́n ní ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ẹni tó pa òwe náà kò sọ ohun tí à á ṣe bí ẹṣin iwájú ò bá ní búréèkì.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Kí ni àkísà yẹn ń ṣe lára ẹ̀? Ṣé èyí tó ti bàjẹ́ lo fi ń ṣe fáàrí?”

Ojú ti akọni. Ó tú àkísà náà, ó tì í bọ àpò, ó sáré tirẹ̀ tán, ó dá alùpùpù padà, ó sì wọlé lọ mumi. Kò rántí so àkísà padà.

Òjìji jáde síta. Ẹ jẹ́ kí n gbè é nídìí: kò gun alùpùpù tó ní àkísà rí, ọmọ tó ń gbọ́rọ̀ ni. Ó wo èyí, kò rí àkísà, ó gùn ún, ó sì dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

“Kò mú o!” Igbe rẹ̀ ni mo gbọ́. “Búréèkì ò mú!”

Bàálù já síta, ó ju ife omi nù, ó sì sáré tẹ̀ lé e. “Fi bàtà tẹ táyà! Fi bàtà tẹ̀ ẹ́!”

Bàtà wo? Ẹsẹ̀ lásán ni Òjìji wà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lójú títì, ó ń fọn fèrè. Bó ṣe kù díẹ̀ kó wọ títì, Òjìji yí ọwọ́ alùpùpù sí òkìtì yanrìn táwọn bíríkìlà kó jọ, ó fò sókè, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì balẹ̀. Ẹsẹ̀ náà kán.

Ní ilé ìwòsàn, bàbá wa bi í pé, “Ta ló kọ́ ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó kọ́ mi, bàbá. Mi ò rí àkísà lára ẹ̀. Bí bùrọ̀dá ṣe máa ń ṣe é ni mo ṣe é.” Ẹ gbọ́ o, bó ṣe ń sọ ọ́, inú rẹ̀ ń dùn.

Bàálù ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ àkísà náà jáde. Kò lè wojú ẹnikẹ́ni. Bàbá wa gbà á, wọn ò pariwo, wọ́n sì so ó mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́.

“Èyí gan-an ni búréèkì ẹ̀ ò dáa,” ni wọ́n wí. “Kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ lé e títí màá fi tún un ṣe tán.”

Bàálù kò tú u. Bó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń wẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń sùn. Alùpùpù tó bá fẹ́ gbé sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ ló fi ń tì í, jẹ́jẹ́, bíi baba arúgbó. Inú mi dùn. Mo ní ọgbọ́n ti dé sílé wa wàyí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Òjìji dé pẹ̀lú símẹ́ǹtì funfun tí dókítà fi di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní kí màmá wa bá òun wá àlùmọ́gàjí àti aṣọ pupa kan tó ti gbó. Ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì na ọwọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ ti Bàálù.

“Bùrọ̀dá, ó bára mu, àbí?”

Bàálù wo ọwọ́ méjèèjì. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹkún ló jáde. Òjìji wò ó díẹ̀, kò mọ ohun tó fà á, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.