Ìdájọ́ Tí Wọn Ò Tíì Kà

"Ilé ni wọ́n fi rà á," ni lọ́yà tó ń de kọ́là funfun mọ́ ọrùn wí. "Ilé alájà méjì."

"Èmi gbọ́ pé mọ́tò ni," ìkejì rẹ̀ dáhùn. "Ohun yòówù kó jẹ́, Adájọ́ ti ta ẹjọ́ ọmọ yẹn fún bàbá rẹ̀. Àgbà tó yẹ kó máa tún un ṣe náà ló ń bà á jẹ́ yẹn."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Yàrá tí àwọn lọ́yà ti ń wọ aṣọ dúdú wọn kéré, èjìká ń gbá èjìká. Màmá Atẹ̀wé, tó wá lẹ ìwé ẹjọ́ ọjọ́ náà mọ́ ara ògiri, kò lè bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń bá Adájọ́ yìí tẹ ìdájọ́ tó bá fi ọwọ́ kọ. Ó mọ̀ pé irọ́ gbuu ni wọ́n ń pa. Ó sì mọ ibi tí irọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, Adájọ́ kó ìwé mẹ́rìnlá lé e lọ́wọ́ pé kó bá òun tẹ̀ ẹ́. Aránṣọ kan àti ọkọ rẹ̀ àtijọ́ ló ń du ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún méje. Ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá lọmọ ń gbé, Sátidé nìkan ni ìyá ń fojú kàn án. Ìwé tí Màmá tẹ̀ gbé ọmọ fún bàbá. Àánú aránṣọ náà ṣe é gan-an. Nígbà tó jáde lọ bu omi mu, ó pàdé lọ́yà tó ń gbẹjọ́ rò fún obìnrin náà, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé eyín rẹ̀ kì í rí òkùnkùn.

"Ìyá mi, ṣé yóò dáa fún wa ṣá?"

Màmá ò sọ nǹkan kan. Ó kàn mi orí tàánútàánú, ó sì kọjá. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀. Wọn ò sọ fún Màmá pé orí mímì náà ń balẹ̀ kó fọ́. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, orí tó mì ti di ilé alájà méjì.

Agogo Adájọ́ dún. Màmá wọlé lọ bá a.

"Ẹ jókòó, Màmá." Ó na ìdì ìwé kan sí i, ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ náà ni. "Ẹ bá mi ka ìparí rẹ̀."

Màmá kà á. Ẹjọ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n èyí gbé ọmọ fún ìyá.

"Èwo wá ni tòótọ́, sà?"

"Bí ẹjọ́ bá le, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń kọ ọ́. Màá kọ ọ́ bí ẹni pé bàbá ló jàre, màá tún kọ ọ́ bí ẹni pé ìyá ni. Èyí tí kò bá lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, màá fà á ya, ẹ ò sì ní rí i láé. Ṣùgbọ́n ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, mi ò rí ìkọ̀wé ara mi kà mọ́. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ bá mi tẹ ti bàbá nìyẹn. Mo kà á tán, mo fà á ya."

Màmá dá ìdì ìwé náà padà sórí tábìlì.

"Lọ́yà ìyá ti kọ̀wé ẹ̀sùn mi sí Adájọ́ Àgbà," Adájọ́ ní. "Wọ́n ní kí n gbé ẹjọ́ náà sílẹ̀. Lọ́la ni wọn yóò gbé e fún ẹlòmíràn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta mìíràn nìyẹn. Màmá, ta lẹ sọ fún?"

"Mi ò sọ̀rọ̀, sà. Orí ni mo mì."

Adájọ́ wò ó títí. "Orí," ó ní. Ìbá sàn fún Màmá ká ní ó bú òun. Ó ń wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì.

Nígbà tó jáde, aránṣọ náà jókòó lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín, ó ń fi abẹ́rẹ́ tú etí aṣọ ọmọdé kan.

"Ìyá mi dáadáa!" Ẹlẹ́rìn-ín fò dìde. "Ẹ ti yọ wá lẹ́nu ìkookò. Olójúkòkòrò yẹn ò ní dá ẹjọ́ wa mọ́."

Aránṣọ kúnlẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an, Màmá. Ọlọ́run á bá mi san án fún yín." Ó gbé aṣọ náà sókè. "Mò ń fi kún gígùn ẹ̀ ni. Ọmọ yẹn ń ga jù, ojú mi ò sì tó o."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Màmá lọ́kàn. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́lòmíràn tí yóò bi í. Oṣù mẹ́jọ péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Bó bá lanu, wọ́n lè lé e lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ̀rù bà á, ó sì mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba òun.

"Dìde, ọmọ mi," ó ní. "Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Ó gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì Adájọ́ Àgbà. Ẹlẹ́rìn-ín ń pè é, kò wẹ̀yìn.

"Wọ́n ń bá àlejò sọ̀rọ̀ o, Màmá," ni akọ̀wé ẹnu ọ̀nà wí.

"Màá dúró."

Akọ̀wé fa ìwé sún mọ́ra, ó mú bírò. "Ẹjọ́ ta ni kí n sọ pé ẹ bá wá?"

"Tèmi," Màmá wí, ó sì fa àga, ó jókòó.