Ìbuwọ́lùwé Mi Wọ Gbọ̀ngàn Ìdánwò

Mo lá àlá kan láàárọ̀ àná. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ìdánwò ní aago méjì ọ̀sán tí kò mọ nǹkan kan, kí ni kó ṣe bí kò ṣe kó sùn? Mo jẹ ẹ̀bà tán ní aago mẹ́wàá, mo ní kí n na ẹ̀yìn díẹ̀.

Kọ́ọ̀sì ìṣeéṣe àti sitatísítíìkì ni, ti àwọn ọmọ ọdún kìíní. Ọdún kẹrin ni èmi wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi níbẹ̀, bó bá sì di ẹ̀ẹ̀kẹta, n kò ní í jáde lọ́dún yìí. Màmá mi kò mọ̀. Láti oṣù Kejì ló ti ń pè mí ní "Kọ́pà mi" lórí fóònù, ojú sì ń tì mí gidi.

Kí ẹ má baà pè mí ní ọ̀lẹ, n kò pa kíláàsì kankan jẹ, lórí ìwé. Adégòkè tí a jọ ń gbé yàrá, tí òun náà ń tún kọ́ọ̀sì yìí ṣe, ló máa ń bá mi fọwọ́ sí ìwé àtẹ́ńdáàǹsì nígbà tí mo bá ń sùn. Ó mọ ìbuwọ́lùwé mi kọ jù mí lọ. Ọ̀rẹ́ tòótọ́ ṣọ̀wọ́n láyé.

Nínú àlá náà, mo dé ibi ìdánwò pẹ̀lú bírò méjì. Gbọ̀ngàn náà kò sí nílẹ̀. Ó ti léfòó, ó dúró sókè pápá bọ́ọ̀lù, ó ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, ooru á dínkù. Àkàbà kan ló lọ síbẹ̀, àpò kan sì wà nídìí rẹ̀ tí bọ́ọ̀lù pupa mẹ́ta àti dúdú méjì yọrí látinú rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa. Kò sí ìdánwò ìṣeéṣe tí wọn kì í wá.

"Ẹ ǹlẹ́ o," mo kí wọn.

"Ẹ ǹlẹ́ ti kí ni?" pupa kan dáhùn. "Lọ́dọọdún lẹ̀ ń mú wa jáde, tí ẹ̀ ń dá wa padà sínú àpò. Kò sẹ́ni tó gbá wa rí! Ó dáa, kí ni ìṣeéṣe pé pupa ni mí?"

Mo wò ó. "Pupa ni yín."

"Òdo lo gbà. Fọ́múlà dà?"

Mo tọrọ àforíjì, mo gun àkàbà.

Dókítà Ọ̀jẹ̀lábí, olùkọ́ wa, ló dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé àtẹ́ńdáàǹsì lọ́wọ́. Mo ní Ìṣọ̀lá Akínwándé ni orúkọ mi. Ó ṣí ìwé, ó tún pa á dé.

"Ìṣọ̀lá ti wọlé."

"Èmi ni Ìṣọ̀lá, sà."

"Mo ní ó ti wọlé. Ọmọ dáadáa ni. Ìgbà mẹ́rìnlélógún ni mo kọ́ yín, ìgbà mẹ́rìnlélógún ló wá."

Mo yọjú. Ní ìlà iwájú pátápátá, ìbuwọ́lùwé mi ló jókòó yẹn, gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ tádàwà búlúù, ìrù rẹ̀ gígùn wọ́ sílẹ̀ lábẹ́ àga. Ó ń kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ó tilẹ̀ nawọ́ pé kí wọ́n fún òun ní ìwé sí i. Látìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò béèrè ìwé sí i rí.

"Ìwọ! Dìde níbẹ̀!" mo pariwo.

Ó yíjú sí mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ má bínú, ta ni yín? N kò rí yín ní kíláàsì rí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí pé òótọ́ ni.

Dókítà ní kí a má jà. Ó ní ìpíndọ́gba wà fún irú èyí. "Òun mọ gbogbo rẹ̀, ìwọ ò mọ nǹkan kan. Bí a bá pín in dọ́gba, ẹ̀yin méjèèjì mọ ìdajì. Ẹ ti yege."

Ẹ wo ìmọ̀ ìjìnlẹ̀! Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí kọ́ọ̀sì náà yé mi. Mo ní kó tètè kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó ṣí bírò, irùngbọ̀n rẹ̀ ti gùn, ìwo méjì sì ti yọ lórí rẹ̀. Ó di òbúkọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ohun tó bí mi nínú ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé àtẹ́ńdáàǹsì náà, ojú ewé tèmi ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìbuwọ́lùwé mi ké, ìrù rẹ̀ kọ́kọ́ pòórá. Mo wo ilẹ̀, ẹsẹ̀ tèmi náà ti ń pòórá.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà! Ẹ ṣojú àánú! Màmá mi ń retí mi!"

"Mẹ̀ẹ́ẹ́," ni Dókítà wí.

Adégòkè ló jí mi. Mo wo aago: aago kan kọjá díẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo ṣì ráyè. Àfi bí mo ṣe rí i tó ń rẹ́rìn-ín, tí tádàwà búlúù wà ní ìka rẹ̀.

"Wọ́n ti fa ìdánwò yẹn sí aago mọ́kànlá," ó ní. "Ibi tí mo ti ń kàwé ni mo ti gbọ́. Mo pè ẹ́ títí, fóònù ẹ ò lọ. A ti ṣe é tán."

Mo ti ń wá bàtà mi.

"Má dààmú jàre," ó gbá mi léjìká. "Nígbà tí ìwé àtẹ́ńdáàǹsì dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti bá ẹ sáìnì."

"Ìwé ìdáhùn ńkọ́, Adégòkè?"

"Ìyẹn kẹ̀? Tèmi gan-an, Ọlọ́run ló mọ ohun tí mo kọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n fọkàn balẹ̀, wọn ò lè sọ pé o ò wá."