Ọrùn Tí Kò Tẹ̀

Ọwọ́ onídìrí le. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, òun náà sì mọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá dirí fún, ojú olúwarẹ̀ kì í pa dé bọ̀rọ̀ bó bá fẹ́ sùn. Nítorí náà, nígbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí lọ́jọ́ kejì tó dirí fún un, ara rẹ̀ ni onídìrí kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Ìyá wọn ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ọ̀fìnkìn kan ti wọlé tọ̀ wọ́n láìpẹ́. Ìyá ló kọ́kọ́ mú, ó sì ran onídìrí: orí ń fọ́ wọn, oríkèé ń ro wọ́n, imú ń ṣàn, ara gbóná. Apòògùn tó wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà ní fáírọ́ọ̀sì ni, kí wọ́n sinmi, kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n sì lo oògùn ibà. Bí ara bá ti ń tutù ni orí á máa fúyẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Ìyá wá ní àbúrò nìkan ni àìsàn náà kò tíì kí nínú ilé, ó sì ti wá kí i wàyí.

Síbẹ̀, ọkàn onídìrí kò gbà. Imú àbúrò gbẹ, kò wúkọ́, kò sín. Ó ti lo oògùn ibà, orí kò fúyẹ́. Ó ń bì. Ó ní kí wọ́n bá òun fa aṣọ bo fèrèsé, pé ìmọ́lẹ̀ ń gún òun lójú.

Onídìrí ní bó bá jẹ́ irun ló le jù, kí òun tú u.

Àbúrò rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, láti kékeré lẹ ti ń fà mí lórí, kò fọ́ mi báyìí rí. Ẹ má tú u o. Ọjọ́ Ajé ni mò ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ti gbé àga sẹ́yìn rẹ̀. Ó fi ìka tẹ awọ orí láàárín ìlà irun, ó bi í bóyá ibẹ̀ ló ń dùn ún. Àbúrò ní rárá, inú lọ́hùn-ún ni. Ó tú gbogbo iwájú, kò yí nǹkan kan padà. Nígbà tó kan ìpàkọ́, ó ní, “Tẹrí ba,” bó ti máa ń sọ fún oníbàárà láti àárọ̀ dalẹ́, ó sì fọwọ́ ti orí náà díẹ̀.

Orí kò lọ. Gbogbo ẹ̀yìn ló bá a lọ síwájú, bí pákó. Àbúrò kérora.

Ọwọ́ onídìrí dúró. Orí yìí kò kọ ọwọ́ rẹ̀ rí. Bó bá ti ń dirí fún un ló máa ń tẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, tí á sì sùn lọ.

“Gbé àgbọ̀n rẹ kan àyà.”

“Kò lọ.”

“Gbìyànjú.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kò lọ.”

Onídìrí gbé òòyà sílẹ̀, ó tọ ìyá rẹ̀ lọ ní yàrá ìdáná. “Màámi, gbogbo ìgbà tí mo fi ṣàìsàn, ọrùn mi ń tẹ̀. Tirẹ̀ ti gan paali. Èyí kì í ṣe ọ̀fìnkìn wa.”

Ìyá ní ṣé kí wọ́n mú sùúrù dàárọ̀. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Gèlè rẹ̀ ló mú.

Báyìí ni àbúrò ṣe dé ilé ìwòsàn, irun iwájú ní títú, tẹ̀yìn ní dídì. Dókítà náà gbìyànjú àtitẹ ọrùn yẹn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún un lábẹ́rẹ́. Dókítà ní awọ tó bo ọpọlọ ló wú, bakitéríà ló fà á, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì tó yí ilé wọn ká. Ó ní irú rẹ̀ kì í dúró kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ìyá bèèrè bóyá yóò yè, ó ní kí wọ́n ṣì máa wò ó ná.

Onídìrí ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Ó ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó gba ẹ̀bi náà tán, tó sì lọ sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́?

Ọjọ́ Ajé kọjá, kò sẹ́ni tó rántí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àbúrò, tó ti rù hangogo, ní kí ó mú òòyà wá. “Ẹ wá parí rẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ní mo jọ ilé tí kọ́lékọ́lé sá fi sílẹ̀.”

Onídìrí jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọwọ́ tì í.

“Tẹrí ba,” ó wí.

Àgbọ̀n náà rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró díẹ̀, ó tún sọ̀ kalẹ̀, ó kan àyà.

Onídìrí ń wo ìpàkọ́ yẹn, kò tíì fi òòyà kàn án.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” àbúrò wí láti ìsàlẹ̀, “ṣé ẹ ti sùn ni?”