Èédú Ni Tàbí Ọ̀pá?

Ìyá Èédú ni gbogbo ilé ìwádìí ń pè é, bẹ́ẹ̀ omidan tí kò tíì bímọ ni. Ìyẹ̀fun dúdú tó ń ṣe ló fún un lórúkọ: èédú tó ká bí ẹní, àmọ́ tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Tó bá bu fínńfín sínú omi olóró tó pọ́n bí ìyeyè, tó sì po oògùn tó yẹ mọ́ ọn, omi á mọ́ gaara, èédú ò sì ní dín kù. Bí alárinà ló rí: ó so tọkọtaya pọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Irin olówó gọbọi ni àwọn tó kù fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Òun ní èédú nìkan tó. Ọ̀la ló máa dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti fi ọ̀rọ̀ yẹn gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Àárọ̀ ni Ẹ̀gbọ́n wọlé, ẹni tí tábìlì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tó ń fi pulatínọ̀mù, ọ̀kan nínú irin olówó gọbọi yẹn, ṣiṣẹ́. Kò kí i, kò jókòó.

"Àbúrò, ọ̀pá mágínẹ́ẹ̀tì tó o fi ń ro omi rẹ, ṣé èyí tó o yá lọ́wọ́ mi ni?"

"Òun ni. Ṣé ẹ fẹ́ gbà á ni?"

Ẹ gbọ́ o, kò sóhun tó ń sọnù níbẹ̀ bí ọ̀pá kékeré yẹn. Wọ́n á fọ ìgò, ọ̀pá á bá omi lọ, kálukú á wá máa yá ti ẹnìkejì bí ẹni ń yá iyọ̀.

"Inú pulatínọ̀mù ló ti ń yí kó tó dọ́dọ̀ rẹ. Mo wò ó lórí tábìlì rẹ lánàá, ara ẹ̀ ti họ. Irin lè ti há síbẹ̀."

Áà! Tó bá jẹ́ irin Ẹ̀gbọ́n ló ń ṣiṣẹ́ tí èédú ń gba oríyìn, a jẹ́ pé irọ́ ni gbogbo ohun tí Ìyá Èédú kọ.

"Ọ̀la ni o! Ẹ ò rí ọjọ́ mìíràn sọ ọ́? Ẹ̀ bá kúkú dákẹ́!"

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Nígbà tó yá, Ìyá Èédú dìde. Ó mú ìgò tuntun, ọ̀pá tuntun tó ṣì wà nínú ọ̀rá, àti èédú tí ọ̀pá ọjọ́sí ò kàn rí. Ó da omi olóró àti oògùn rẹ̀ sí i. Ọ̀pá ń yí, wọ́n ń wò ó. Omi pọ́n síbẹ̀.

"Ó ti parí," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ bá Ọ̀gá. Mi ò lè dúró purọ́ fún wọn lọ́la."

Ó ti ń bọ́ aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn nígbà tí Ẹ̀gbọ́n dì í lọ́wọ́ mú.

"Fara balẹ̀ jàre. Ṣebí omi yìí máa ń kọ́kọ́ ṣe agídí?"

Òótọ́ ni. Ìbẹ̀rù ni kò jẹ́ kó rántí. Kò pẹ́ tí àwọ̀ ìyeyè fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó ń ṣí, ó ń ṣí, títí omi fi mọ́ lóló.

"Yéè! Èédú mi ni! Èédú mi ló ṣe é!"

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ara tù ú pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, àgbà ọkùnrin, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń nu òógùn ojú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sóhun tí mo sọ. Ká ní kò mọ́ ńkọ́?"

"O ò bá má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láyé."

"Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ wá sọ ọ́?"

"Ṣé kí n wá jókòó lọ́la, kí n máa pàtẹ́wọ́ fún ẹ, kí n má mọ ohun tí mò ń pàtẹ́wọ́ fún?"

Ìyá Èédú jókòó tì í nílẹ̀ níbẹ̀.